Fi Ófùnù Sílẹ̀, Àbúrò Mi: Pretzel àti Ṣokoléètì fún Ọdún

Àbúrò mi, mo mọ bí oṣù December ṣe máa ń rí fún wa ní Amẹ́ríkà níbí. Thanksgiving kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ tán tí ìwé á fi máa ti ilé ẹ̀kọ́ ọmọ wá pé kí òbí kọ̀ọ̀kan gbé ìpanu wá. Ibi iṣẹ́ náà á ní kí oníkálukú má wá lọ́wọ́ òfo. Olùkọ́ ọmọ ń bẹ lọ́rùn rẹ, ìyá tó ń bá ọ tọ́jú ọmọ ń bẹ lọ́rùn rẹ, aládùúgbò tó gbá yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà rẹ láìjẹ́ pé o bẹ̀ ẹ́ náà ń bẹ lọ́rùn rẹ. Owó ilé kò dúró de ọdún, owó iná tó ń mú ilé gbóná ń gòkè, àwọn ará ilé ní Nàìjíríà sì ń retí tiwọn. O fẹ́ fi hàn gbogbo wọn pé o moore, àmọ́ owó ò tó, àyè ò sì sí.

Ohun tí èmi máa ń gbára lé nírú àkókò yìí ni pretzel tí a rì sínú ṣokoléètì. Kò gba ófùnù rárá. Mo mọ̀ pé nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, ìkòkò ńlá àti páànù ìdínran ló ń gbé inú ófùnù. Jẹ́ kí wọ́n máa gbé ibẹ̀. Máíkírówéèfù, abọ́ kan, fọ́ọ̀kì kan, bébà tí kì í lẹ̀ mọ́ oúnjẹ, ó parí. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ bá ti sùn, ẹ̀bùn ẹni mẹ́wàá á ti tò sórí tábìlì kí ìwọ náà tó lọ fẹ̀yìn lélẹ̀. Ẹni tó bá sì gbà á á mọ̀ pé o jókòó ṣe é fún òun ni, kì í ṣe ohun tí o ṣà lórí àtẹ nígbà tí o ń sáré jáde ní ilé ìtajà.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, pretzel ni ìpanu gbígbẹ, pupa rúsúrúsú, tí wọ́n lọ́ pọ̀ títí ó fi ní ihò mẹ́ta, tí iyọ̀ oníhóró sì wà lára rẹ̀. Òmíràn gùn gbọọrọ, kò ní ihò kankan. Àwọn ará Jámánì tó wá tẹ̀dó sí Pennsylvania ló gbé e wá, ní ìlú Lititz níbẹ̀ sì ni Julius Sturgis ti dá ilé iṣẹ́ pretzel sílẹ̀ ní 1861, èyí tí wọ́n kà sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ fún títà ní Amẹ́ríkà. Ilé náà ṣì wà níbẹ̀. Bí o bá ń gbé Maryland tàbí Philadelphia, kò jìnnà sí ọ, o lè kó àwọn ọmọ lọ kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn lọ́ ìyẹ̀fun rẹ̀. Kí àwọn tó ń ṣe é tó yan án, wọ́n máa ń mú un gba inú omi kan tó jẹ́ ìbátan omi eérú tí a fi ń ṣe ọṣẹ dúdú. Omi yẹn ló ń fún un ní awọ pupa tó ń dán yẹn, àti ìtọ́wò tí búrẹ́dì lásán kò ní.

Ohun tó kàn wá nínú gbogbo rẹ̀ ni pé ó gbẹ, ó le, ó sì níyọ̀. Nítorí pé ó gbẹ, ṣokoléètì á dì mọ́ ọn dáadáa. Iyọ̀ rẹ̀ sì máa ń rẹ ìkorò ṣokoléètì sílẹ̀, kí adùn lè yọ. Ẹni tó bá ti fi ẹ̀pà oníyọ̀ mu gàrí Ìjẹ̀bú tó ní ṣúgà rí ti mọ ohun tí mò ń wí. Má ra èyí tí kò níyọ̀, á kàn dùn ṣáá ni, kò ní ṣe ẹnu ní nǹkan kan. Bí o bá fẹ́ fún ènìyàn lẹ́bùn, ra onígbọọrọ, torí ó rọrùn láti rì, ó sì máa ń dúró dáadáa nínú ọ̀rá. Oníhò kéékèèké ni ká fi ṣe ìyókù. Má tú ọ̀rá pretzel títí ṣokoléètì á fi yọ́ tán, nítorí ó máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Bó bá ti rọ̀, kò sí ohun tí o lè ṣe tí á tún fi máa ró wóró lẹ́nu.

Ibi tí mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ sí jù ni ṣokoléètì, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Oríṣi méjì lo máa bá lórí àtẹ. Èkíní ni ojúlówó, tí ọ̀rá inú rẹ̀ jẹ́ ọ̀rá kòkó fúnra rẹ̀. Èkejì ni wọ́n ń pè ní candy melts tàbí almond bark: wọ́n ti yọ ọ̀rá kòkó kúrò nínú rẹ̀, òróró mìíràn ni wọ́n fi rọ́pò, èyí tó sì wọ́pọ̀ jù ni òróró èkùrọ́, àdín tí àwọn ìyá wa fi ń pa ara fún wa nígbà tí a wà lọ́mọdé. Yí ọ̀rá tí wọ́n fi dì í padà kí o ka ẹ̀yìn rẹ̀. Bí o bá rí “cocoa butter”, ojúlówó ni. Bí o bá rí “palm kernel oil”, èkejì nìyẹn.

Àǹfààní èkejì ni pé kò ní wàhálà. Yọ́ ọ, rì í, á dì, á le, ojú rẹ̀ á sì máa dán. Òun ni mo ní kí o fi bẹ̀rẹ̀, òun náà ni kí o lò bí àwọn ọmọ bá máa bá ọ ṣe é. Àmọ́ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ, kò dùn tó ojúlówó. Ẹni tí mo bá fẹ́ yẹ́ sí gan-an, ojúlówó ni mo fi ń ṣe tirẹ̀. Má sì po méjèèjì pọ̀ sínú abọ́ kan o, nítorí ọ̀rá kòkó àti àdín kì í bá ara wọn rẹ́. Ohun tí wọ́n bá jọ dì á rọ̀, ojú rẹ̀ kò sì ní dán.

Mo mọ̀ pé o rí i bí ṣokoléètì ṣe gbówó lórí ní 2024. Òjò àti àrùn kò jẹ́ kí kòkó so dáadáa ní Ghana àti Côte d'Ivoire, níbi tí ìlàjì kòkó àgbáyé àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ti ń wá. Nígbà tó fi máa di December 2024, tọ́ọ̀nù kan kòkó ti kọjá dọ́là 12,000 ní ọjà New York. Láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ pé kí o má rì gbogbo ara pretzel. Rì í dé ìdajì. Ó dùn ún dì mú, iyọ̀ ibi tí kò kàn ṣokoléètì á hàn lẹ́nu, owó rẹ náà á sì balẹ̀ díẹ̀.

Tó o bá ra èyí tó wà ní hóró wẹ́wẹ́, tí wọ́n ń pè ní chips, mọ̀ pé wọ́n ṣe é kó lè dúró lójú ara rẹ̀ nínú bísíkíìtì gbígbóná ni. Ó máa ń ki tó bá yọ́. Ṣíbí tíì kan òróró àgbọn nínú ọ̀rá kan tó jẹ́ giramu 340 á jẹ́ kó ṣàn. Ìwọ̀n yẹn á tó nǹkan bí 20 pretzel onígbọọrọ. Àmọ́ tí ọwọ́ rẹ bá ká a, onípákó ni kí o rà, kí o fi ọ̀bẹ gé e wẹ́wẹ́.

Nísinsìnyí, iná. Kó ṣokoléètì sínú abọ́ tó gbẹ. Fi agbára máíkírówéèfù sí ìdajì, fún un ní sẹ́kọ́ńdì 30, yọ ọ́, rò ó, dá a padà. Èyí tó funfun máa ń tètè jóná, sẹ́kọ́ńdì 15 ni kí o fún òun. Ṣokoléètì lè ti yọ́ nínú kó má hàn lójú, hóró rẹ̀ á ṣì dúró gangan. Àfi tí o bá fi ṣíbí kàn án ni o máa mọ̀. Má wo ojú rẹ̀, rò ó ní gbogbo ìgbà. Nígbà tó bá ku hóró díẹ̀ tí kò tíì yọ́, má dá a padà mọ́. Ooru tó wà nínú abọ́ á parí iṣẹ́. Ẹni tó bá ń kánjú, tó fún un ní ìṣẹ́jú méjì lẹ́ẹ̀kan náà, òórùn jíjóná ló máa kọ́kọ́ pàdé rẹ̀, èyí tó bá sì ti jóná kò ní àtúnṣe.

Ohun kejì tó ń ba á jẹ́ ni omi. Omi ni ọ̀tá ṣokoléètì. Ẹ̀kán kan ṣoṣo láti ara ṣíbí tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, ohun tó ń ṣàn geere nínú abọ́ á dédé le, á di ìṣù oníyanrìn. Ṣúgà àti lẹ́búlẹ́bú kòkó inú rẹ̀ ló ń sáré bo omi yẹn tí wọ́n sì ń dì mọ́ra. Nítorí náà, nu ṣíbí, nu abọ́, nu ọwọ́ rẹ. Bí o kò bá ní máíkírówéèfù, tí o gbé abọ́ lé orí ìkòkò omi, jẹ́ kí omi kéré kó má kan ìdí abọ́, kí iná sì rẹlẹ̀. Má dé abọ́ náà, torí ooru omi á kán sínú rẹ̀. Àwọ̀ olómi tí a fi ń ṣe kéèkì, òun náà omi ni, àwọ̀ olóróró ni kí o rà. Bó bá sì ṣẹlẹ̀ pé ó le mọ́ ọ lọ́wọ́, má dà á nù. Da mílíìkì gbígbóná lé e díẹ̀díẹ̀, máa rò ó títí á fi dán. Kò ní ṣeé rì pretzel sí mọ́, àmọ́ á dùn lórí pancake láàárọ̀.

Tó bá jẹ́ ojúlówó lo yàn, iṣẹ́ kékeré kan wà tí kò yẹ kí o fò. Bí o bá kàn yọ́ ọ tí o rì í bẹ́ẹ̀, ó lè má le dáadáa, tí ilẹ̀ bá sì mọ́ o lè rí ìlà funfun ràkọ̀ràkọ̀ lójú rẹ̀. Kò léwu, ọ̀rá kòkó ló yọ síta, àmọ́ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń dì fún ni. Ohun tí o máa ṣe nìyí: yọ ìdá kan nínú mẹ́ta ṣokoléètì tí o gé sọ́tọ̀. Yọ́ ìdá méjì tó kù, gbé e kúrò níbi ooru, kí o wá da èyí tí o yà sọ́tọ̀ sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí o máa rò ó láìsinmi. Bí o bá ní tẹmómítà ìdáná, dúdú gbọ́dọ̀ wà láàárín 88 sí 90 ní ìwọ̀n Fahrenheit. Onímílíìkì, 86 sí 88. Funfun, 82 sí 84. Bí o kò bá ní, fi díẹ̀ kan abẹ́ ètè rẹ ìsàlẹ̀. Tó bá tutù díẹ̀ ju ara rẹ lọ, ó ti tó. Kí ọkàn rẹ lè balẹ̀, rì ẹnu ọ̀bẹ sínú rẹ̀ kí o gbé e kalẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ó yẹ kó ti dì, kó sì máa dán.

Rírì ni ibi tó dùn jù. Da ṣokoléètì sínú ife tó ga, ti pretzel onígbọọrọ wọlé, yí i po, fà á yọ, jẹ́ kó ro, kí o wá fi ọwọ́ gbá ọrùn ọwọ́ kejì jẹ́jẹ́ kí èyí tó pọ̀ jù lè já bọ́. Ojú ẹsẹ̀ ni kí o wọ́n ohun tí o bá fẹ́ wọ́n, nítorí tó bá ti dì, kò ní mú un mọ́. Tẹ́ ẹ sórí bébà. Kò dìgbà tí o bá gbé e sínú fíríìjì. Kọ̀rọ̀ fèrèsé ilé wa ní December tutù tó.

Ní ti ohun tí a ń wọ́n, ìmọ̀ràn mi ni pé kí o mú ẹyọ kan, tàbí méjì tó bá pọ̀ tán. Àwọn kan á da ṣúgà aláràbarà, súùtì, ẹ̀pà àti karaméèlì lé ara wọn lórí, ẹnu kò sì ní mọ èwo ló ń jẹ. Súùtì mínítì pupa àti funfun tí a gún lórí ṣokoléètì funfun, ìyẹn ni àwọn ará ibí mọ̀ mọ́ Kérésìmesì. Àgbọn tí o rin, tí o fi páànù gbígbẹ yan lórí iná títí ó fi pọ́n díẹ̀, lórí ṣokoléètì dúdú, ìyẹn ni tèmi. Ẹ̀pà yíyan tí a bó, tí a fọ́, náà dára. Bí o bá fẹ́ kí wọ́n béèrè ibi tí o ti rí i, fi atalẹ̀ gbígbẹ lílọ̀ àti ata gígún, fún ìka méjì péré, sínú ṣokoléètì dúdú náà kí o tó rì í. Adùn ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbọ́, kí ata tó wá ta wọ́n lọ́fun lẹ́yìn.

Èyí tí àwọn ọmọ fẹ́ràn jù ni oníhò kéékèèké méjì tó ní ẹ̀pà lílọ̀ láàárín. Po kọ́ọ̀pù kan ẹ̀pà lílọ̀, ṣíbí ìjẹun méjì bọ́tà tó rọ̀ àti ìdajì kọ́ọ̀pù ṣúgà lẹ́búlẹ́bú pọ̀. Ṣù ú róbótó róbótó. Bí kò bá ṣeé ṣù, fi ṣúgà kún un. Fi pretzel kan sókè, ọ̀kan sísàlẹ̀, tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, gbé e sínú fìrísà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí o wá rì ìdajì rẹ̀. Ẹni tí kò ní sùúrù rírì rárá, kó da ṣokoléètì sórí bébà, kó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, kó fọ́ pretzel lé e. Tó bá dì, kó fi ọwọ́ ṣẹ́ ẹ.

Bí àwọn ọmọ bá wà nídìí tábìlì pẹ̀lú rẹ, má jẹ́ kí àkókò yẹn lọ lásán. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì rí èso kòkó rí. Sọ fún wọn bí wọ́n ṣe ń la èso náà, bí hóró rẹ̀ ṣe máa ń wà nínú ẹran funfun tó ń yọ̀, tó dùn, tí àwọn ọmọ oko máa ń fà lá. Bí wọ́n ṣe ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún ọjọ́ mélòó kan kó lè kan, kí wọ́n tó sá a sóòrùn. Sọ fún wọn pé owó kòkó Oǹdó, Iléṣà àti Ìbàdàn wà lára ohun tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà fi dá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní 1955, àti pé Ilé Kòkó alájà 26 ṣì dúró ní Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn, láti 1965. Bó bá jẹ́ pé bàbá bàbá wọn ní oko kòkó, dárúkọ oko náà fún wọn. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wa mọ̀ pé ohun tó wà nínú abọ́ yìí kò ṣàjèjì sí ìran wọn.

Kí o tó fún ẹnikẹ́ni, béèrè. Ẹ̀pà lè pa ọmọ tí ara rẹ̀ kò gbà á, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ kò sì gba oúnjẹ tí a ṣe nílé rárá. Fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí olùkọ́ ṣáájú. Kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí ara ọ̀rá: àlìkámà, mílíìkì, ẹ̀pà tó bá wà níbẹ̀. Bí àwọn ẹbí rẹ tó jẹ́ Mùsùlùmí bá máa jẹ nínú rẹ̀, má fi marshmallow sí i láìka ẹ̀yìn ọ̀rá rẹ̀, torí gelatin tó wà nínú rẹ̀ sábà máa ń wá láti ara ẹlẹ́dẹ̀. Aládùúgbò tó jẹ́ Júù, tó sì ń pa òfin oúnjẹ mọ́, lè má jẹ ohun tó ti ilé ìdáná rẹ jáde. Ra èyí tó ní àmì kosher fún un nígbà Hanukkah, kò ní bínú. Ẹni tó ń gbé lẹ́tà wá lè gbà á: òfin gba àwọn òṣìṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ láyè láti gba ẹ̀bùn tí kò ju dọ́là 20 lọ lẹ́ẹ̀kan, owó ni wọn kò gbọdọ̀ gbà. Má sì gbé e sẹ́nu ọ̀nà ilé tó ní ajá, májèlé ni ṣokoléètì jẹ́ fún ajá.

Inú agolo tó dé pinpin ni kó wà, kí bébà wà láàárín ìpele kọ̀ọ̀kan. Á dára fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Má kó o pọ̀ mọ́ kéèkì tàbí èso, torí pretzel á fa omi wọn. Bí o bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, ọjọ́ Monday ni kí o lọ fi í ránṣẹ́, kó má baà sùn sí ilé ẹrù ní òpin ọ̀sẹ̀. Àmọ́ bí o bá ń lọ sílé fún ọdún, má gbé ṣokoléètì tí o ti rì lọ sí Èkó. Ọ̀rá kòkó máa ń yọ́ ní nǹkan bí ìwọ̀n 34 ní Celsius, oòrùn ọ̀sán ọyẹ́ kì í sì í bojú wẹ̀yìn. Gbé ṣokoléètì onípákó sínú àpò ọwọ́ rẹ, ra ìpékeré oníyọ̀ dípò pretzel tí o bá débẹ̀, yọ́ ṣokoléètì náà ní alẹ́, rì í sínú rẹ̀, kí ẹ jẹ ẹ́ lọ́gán.

Èyí tó bá ṣẹ́kù sí ìdí abọ́, dà á sórí bébà kó dì, kí o fi ọ̀rá wé e. Yóò tún yọ́ nígbà mìíràn. Àmọ́ bí ẹ̀pà bá ti kàn án, kọ “ẹ̀pà” sára ọ̀rá náà gàdàgbà, kó má baà lọ bọ́ sínú ti ilé ẹ̀kọ́.